Oògùn Yàtọ̀ sí Aṣọ: Mo Ka Update Kọ̀ǹpútà Bí Ẹni Ka Ìwé



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé iṣẹ́ kékeré kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Palmgrove, níbi tí èèyàn ti ń yà kúrò lójú Òpópónà Ìkòròdú wọ inú Ṣómólú. Ìwé ètò ìsìnkú ni, ti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ìlú atẹ̀wé ni. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ìjọ, ìwé ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Bí mo ṣe jókòó ti ọ̀gá tó ń to ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà, mo rí pépà kan tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ etí ẹ̀rọ náà. Máákà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ gàdàgbà: ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ ṢE UPDATE O!

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà, tí kò tíì tó àkọ́bí mi lọ́jọ́ orí, yíjú sí mi.

"Prof, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọjọ́ Ẹtì kan ni ọmọ iṣẹ́ mi lọ tẹ update. Iṣẹ́ ìgbéyàwó ọjọ́ kejì wà nílẹ̀, igba ẹ̀dà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà fi máa jí padà, kò mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́, bí ẹni tí kò rí i rí. Ilé ẹlòmíì ni mo lọ tẹ̀ ẹ́. Èrè tó yẹ kí n jẹ níbẹ̀, òun ni mo kó fún wọn."

"Wọn ò wá rí i tún ṣe ni?"

"Ọjọ́ Ajé ni ẹni tó ń bá wa tún un ṣe tó dé, Bàbá. Ìyàwó ti dé ilé ọkọ."

Ẹ̀rín mi tán níbẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ ẹjọ́ kọ̀ǹpútà, ó lè jẹ́ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì lè jẹ́ ti ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n pépà yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ yín ni bí a ṣe ń ka àkọsílẹ̀ ní àkàfínnífínní. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kí ló ṣèlérí, ṣé ó sì mú un ṣẹ? A lò ó fún ewì, a lò ó fún ìtàn àròsọ. Mi ò rí ìdí tí a kò fi ní lò ó fún ọ̀rọ̀ tó ń jáde lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí ètò ìṣiṣẹ́ rẹ̀ bá ń gba ìmúdójúìwọ̀n, èyí tí gbogbo wa ń pè ní update. Windows ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ìtàn rẹ̀ wà ní gbangba.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Microsoft gbé Windows 10 jáde ní 29 oṣù Keje, 2015. Ẹni tó bá gbà á sórí ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà náà á rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yọ lójú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó kọ́kọ́ kí yín. Ó ní àwọn ti mú kọ̀ǹpútà yín dójú ìwọ̀n. Ó ní gbogbo fáìlì yín wà níbi tí ẹ fi wọ́n sí gẹ́lẹ́. Ó ní kí ẹ má pa ẹ̀rọ náà.

"Àwa" ni ó ń pe ara rẹ̀. Àwa wo? Kò sí orúkọ, kò sí ojú, kò sí ẹni tí èèyàn lè pè kó dáhùn. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ wọlé onílé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Àgò onílé o!" Kò ní wọlé títí onílé á fi dáhùn pé, "Àgò yà." Ẹni yìí kò kí àgò. Inú ilé ni a ti bá a, ó ti gbé àga, ó ti ká ẹní, ó wá ń kí wa kú ilé. Ìkíni rẹ̀ dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó kí.

Ẹ tún wo ẹni tí ó rò pé òun ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ gbólóhùn "má pa ẹ̀rọ náà" gbà pé ọwọ́ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ni iná wà. Ní Palmgrove, iná kì í tọrọ àyè kó tó lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ lè má gbé e ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ẹni tó fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ sì lè máa wá epo lọ́wọ́. Ó tún gbà pé dátà kì í ṣe owó, pé fáìlì ńlá lè máa wọlé láàárín òru kó má dun ẹnikẹ́ni. A kò sí lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́. Mi ò sọ pé ó kórìíra wa o. Kò rí wa ni.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ni ti ọdún 2015 kan náà. Àwọn kan ń gbìyànjú láti gba Windows 10, ó kọ̀, àpótí kékeré kan yọ. Àkọlé àpótí náà ni pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àkọlé náà ni pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó tán. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ayé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Bí a bá rán ọmọ lọ sọ́jà, tó padà dé lọ́wọ́ òfo, tó ní, "Màámi, nǹkan kan ṣẹlẹ̀," ṣé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á parí sí? Ìyá á bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, níbo, owó dà? Ẹ̀rọ kò ní etí tí a lè fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sí.

Ó wá kan ìlérí. Wọ́n ní gbogbo fáìlì yín wà níbi tí ẹ fi wọ́n sí. Ní 2 oṣù Kẹwàá, 2018, Microsoft gbé update ńlá kan jáde fún Windows 10. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ìwé àti àwòrán àwọn ti pòórá. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹfà oṣù náà, wọ́n ti dá a dúró. Ó di 13 oṣù Kọkànlá kí wọ́n tó tún gbé e jáde. Àlàyé wọn kọ́ni lọ́gbọ́n. Àwọn tí ó ṣe léṣe ni àwọn tó ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó máa kó ìwé wọn sí àyè mìíràn, bí àpẹẹrẹ láti C lọ sí D, ṣùgbọ́n tí ìwé àtijọ́ ṣẹ́kù sí àyè àkọ́kọ́. Update náà rò pé àyè àkọ́kọ́ ti di àlòpatì, ó sì gbá a mọ́. Ẹ bi atẹ̀wé èyíkéyìí ní Ṣómólú ohun tó máa ń ṣe bí C bá kún. Ohun tí a ń ṣe láti fi ṣọ́ àyè lò, òun ni ẹ̀rọ kà sí ìdọ̀tí. Microsoft ní àwọn tó fi ẹjọ́ sùn kò pọ̀, nǹkan bí ẹyọ kan nínú 10,000 ni wọ́n. Mo gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pẹ̀lú pé àwọn kan ti kọ̀wé nípa àdánù yìí ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n gbé update náà jáde, pé ìkìlọ̀ náà ló sọnù sáàárín ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n kí àgò lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni ò dá wọn lóhùn.

Ọdún 2021 gan-an ló kan àwọn atẹ̀wé jù. Ẹ jẹ́ ká mú oṣù mẹ́ta níbẹ̀.

Ní 9 oṣù Kẹta, update oṣooṣù dé. Nígbà tí àwọn kan bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn, títí kan àwọn ẹ̀yà Kyocera àti Ricoh kan, odindi kọ̀ǹpútà á dákú, ojú rẹ̀ á sì di búlúù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ṣẹ̀. Inú update ni àléébù wà. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà ni wọ́n gbé àtúnṣe jáde. Ọjọ́ mẹ́fà kì í ṣe nǹkan lójú ilé-iṣẹ́ ńlá. Atẹ̀wé ò lè fi ọjọ́ mẹ́fà ṣeré. Òpin ọ̀sẹ̀ kan wà nínú rẹ̀, inú òpin ọ̀sẹ̀ sì ni ìgbéyàwó àti ìsìnkú ń gbé.

Ní oṣù Kẹfà, update oṣooṣù mìíràn dé. Ó kó àtúnṣe ààbò wá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn tan ẹ̀rọ wọn, wọ́n rí bọ́tìnì ojú-ọjọ́ àti ìròyìn tuntun ní ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó tọrọ rẹ̀. Èèyàn lè pa á lóòótọ́, bó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, á máa fi dátà rẹ̀ wá ìròyìn kiri.

Ní oṣù Keje, ọ̀rọ̀ wá di ti pàjáwìrì. Ihò kan wà nínú ẹ̀yà tó ń to iṣẹ́ ìtẹ̀wé sórí ìlà nínú Windows, ihò tí olè lè gbà wọlé kó sì di ọ̀gá lórí ẹ̀rọ. Àwọn onímọ̀ sọ ọ́ ní PrintNightmare. Microsoft kò dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa ń gbé update jáde. Láti ọjọ́ kẹfà oṣù náà ni wọ́n ti ń gbé àtúnṣe jáde, títí dé orí Windows 7 tí wọ́n ti jáwọ́ lára rẹ̀ láti oṣù kìíní 2020.

Ẹ gbọ́ ná. Atẹ̀wé tí ti oṣù Kẹta fìyà jẹ, tó lẹ pépà mọ́ ẹ̀rọ pé òun ò ṣe update mọ́, ti oṣù Keje kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti dá ọgbẹ́ sí i lára náà ni oògùn ń bọ̀ wá, ó sì ti ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. A ò lè fi sísá bú u. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ilẹ̀kùn tó tì kì í ṣe ti ejò nìkan.

Ewu yẹn kì í ṣe àsọdùn. Ní 12 oṣù Karùn-ún, 2017, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry tàn dé nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ní kí wọ́n sanwó kí òun tó ṣí i. Ó dé àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní láti dá àwọn aláìsàn padà. Oògùn kòkòrò yìí ti jáde láti 14 oṣù Kẹta ọdún kan náà, nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú. Àwọn tí kò tíì lo oògùn náà ló kó sí i lọ́wọ́. Bí fúláàṣì ṣe ń ti ọwọ́ oníbàárà kan bọ́ sí ti èkejì láàárín Palmgrove, Ṣómólú àti Bàrígà, tí ìwé ìdánimọ̀ àti iṣẹ́ àkànṣe akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn sórí ẹ̀rọ atẹ̀wé, pépà pupa yẹn kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Níbo ni àṣìṣe wá wà? Lójú tèmi, inú ìdìpọ̀ ni. Nǹkan méjì ni wọ́n ń dì pọ̀ sínú ẹrù kan: oògùn àti aṣọ tuntun. Oògùn ni àtúnṣe ààbò tí olúkúlùkù nílò kíákíá. Aṣọ ni bọ́tìnì tuntun, àwọ̀ tuntun, àyè tuntun tí wọ́n gbé nǹkan sí, ohun tí èèyàn lè fẹ́ tàbí kó má fẹ́. Nígbà kan, ẹni tó ń lo Windows 7 lè ṣa àtúnṣe ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó mú èyí, kó fi tọ̀hún sílẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá 2016 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn pọ̀ fún un, bí ti Windows 10 ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí tí wọ́n sọ kì í ṣe ìdí burúkú: bí olúkúlùkù bá ṣa tirẹ̀, kò sí ẹ̀rọ méjì tí á jọra, ó sì ṣòro láti mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ ni pé ẹni tó sá fún aṣọ sá fún oògùn pẹ̀lú.

Mi ò ní kẹ́gàn aṣọ o. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ láyé àtijọ́ mọ ojú tí a fi ń rí ẹ́ àti ọ̀. Ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn nínú ìlànà Unicode, ṣùgbọ́n ẹ tó ní àmì ohùn lórí kò ní àyè ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ to lẹ́tà àti àmì pọ̀ fúnra rẹ̀. Ètò àtijọ́ kì í mọ̀ ọ́n tò. Àmì á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo yọ dípò lẹ́tà. Torí náà ni àwa kan ṣe ń lo fọ́ǹtì àdáni tó fi lẹ́tà Yorùbá rọ́pò àmì mìíràn. Lónìí, bí mo bá ṣí àwọn ìwé yẹn lórí ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ǹtì náà, bí àṣírí awo ni wọ́n ń rí. Ìwé tí ẹ̀ ń kà yìí, tí àmì rẹ̀ dúró sójú ibi tó yẹ, ètò tuntun ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ lè jẹ́ ohun iyì, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n wọn ara wa kí wọ́n tó rán an, kí wọ́n sì bi wá bóyá a fẹ́ ẹ wọ̀ lónìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò ṣeé yà sọ́tọ̀, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 14 oṣù Kẹwàá, 2025. Ọjọ́ náà ni Microsoft dá ìtọ́jú ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn bọ́ sórí Windows 11, tó ti jáde láti 2021. Ṣùgbọ́n Windows 11 ń béèrè ẹ̀yà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, kò sì fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ṣáájú nǹkan bí 2018. Irú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ń fi CorelDRAW ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ nìyẹn, tí kò ráhùn rí. Ẹ̀rọ tí kò ṣàìsàn ni wọ́n ń ka ìwé ikú fún.

Wọ́n wá ní ẹni tí kò bá lè lọ lè gba ọdún kan sí i: kó san 30 dọ́là, tàbí kó gbà kí ẹ̀rọ rẹ̀ máa kó ètò rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tàbí kó fi 1,000 nínú àmì ẹ̀bùn tí Microsoft ń fún oníbàárà san án. Kí ni wọ́n máa fún un ní ọdún náà? Àtúnṣe ààbò nìkan, kò sí ohun tuntun kankan níbẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tí wọ́n ní kò ṣeé yà, wọ́n ti yà á, wọ́n sì ti fi iye lé e. Oògùn nìkan, láìsí aṣọ, 30 dọ́là. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ oníbàárà pariwo, wọ́n sì fún wọn ní ọdún kan náà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n yọ ọ̀ràn ìkópamọ́ kúrò. Ariwo ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ta ló pariwo fún Ṣómólú?

Ibi tí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí jókòó sí nìyẹn. Àwọn tó mọwé jù nínú wa máa ń wo ẹni tó kọ̀ láti ṣe update bí aláìmọ̀kan. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ náà, mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yẹn ti ka àkọsílẹ̀ náà ṣáájú mi, ó ti rí i pé ìlérí kò dúró, ó sì kọ àríwísí tirẹ̀ ní máákà pupa. Ohun tó kù sí i ni pé ó kọ gbogbo ẹrù náà dànù torí pé wọn ò jẹ́ kó ṣa á.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, a jọ sọ ọ́. Mo ní kó máa da iṣẹ́ oníbàárà kọ sórí àkójọ mìíràn kó tó fọwọ́ kan update. Mo ní láti 2019, ẹ̀yà Home ti Windows 10 náà ti lè dá update dúró títí dé ọjọ́ 35. Kó fi bí ọ̀sẹ̀ kan gbọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíì bá pàdé, kó má kọjá ìyẹn. Mo ní èyí tó bá bá iṣẹ́ jẹ́ lára ti oṣooṣù, èèyàn sábà máa ń lè yọ ọ́ kúrò níbi ìtàn update. Ti ńlá tó ń pààrọ̀ odindi ètò, ọjọ́ 10 ni wọ́n máa ń fúnni láti padà sẹ́yìn. Mo ní bó bá sọ fún ẹ̀rọ pé íńtánẹ́ẹ̀tì òun jẹ́ èyí tí wọ́n ń wọn dátà rẹ̀, kò ní máa fa fáìlì ńlá wọlé bó ṣe wù ú.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Prof, mo dúpẹ́ o. Ṣùgbọ́n bó bá tún bàjẹ́, ṣé àwọn tó ṣe update ló máa sanwó ìgbéyàwó?"

Mi ò ní èsì fún un. Ó mú máákà, ó fa pépà àtijọ́ ya, ó kọ òmíràn: KÒ SÍ UPDATE NÍ ỌJỌ́BỌ̀ ÀTI ẸTÌ. Ó lẹ̀ ẹ́ padà síbi tó wà. Lẹ́yìn náà ló tẹ ìwé ètò ọ̀rẹ́ mi fún mi, 150 ẹ̀dà, gbogbo àmì ohùn orúkọ rẹ̀ sì dúró sójú ibi tó yẹ.

 Ẹ rántí da ìwé yín kọ sí ibòmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú.